Ọgbọ̀n Ọdún Létí Òkun

Fóònù ló dá gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Ká ní mi ò ra dátà lọ́jọ́ Sátidé yẹn ni, oorun ọ̀sán ni ǹ bá máa sùn. Àwọn ìbejì mi gba fóònù lọ́wọ́ mi, wọ́n ní bọ́ọ̀lù làwọn fẹ́ wò. Kò pẹ́ tí mo gbọ́ ohùn ìyá wọn láti ìdí ààrò: "Yéè! Ẹ wo omi!" Mo bá yọjú. Erékùṣù kan ni wọ́n ń wò, Maui lórúkọ rẹ̀, ní Hawaii, láàárín òkun Pàsífíìkì lọ́hùn-ún. Ọ̀nà kan wà níbẹ̀ tó rọ̀ mọ́ etí òkun bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe ń rọ̀ mọ́ ìdí, ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Hana ló sì lọ. Kọ́nà tó wà lójú ọ̀nà náà lé ní 600, afárá ibẹ̀ jẹ́ 59, èyí tó pọ̀ jù nínú wọn ò sì gba ju ọkọ̀ kan lọ lẹ́ẹ̀kan. Òyìnbó kan jókòó sínú ọkọ̀ tí kò lórùlé, ó ń fi ọwọ́ kan wa ọkọ̀, ó ń fi èkejì jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀. Kò sí ọlọ́pàá. Kò sí okùn tí wọ́n ta dínà. Kò sẹ́ni tó bi í pé kí ló gbé sẹ́yìn ọkọ̀.

"Bàbá Ìbejì," ìyàwó mi ló pè mí bẹ́ẹ̀. Ó ti pa iná ọbẹ̀. Tí obìnrin bá ti pa iná ọbẹ̀ nítorí ọ̀rọ̀, ẹ̀yin náà ẹ mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà ti dọ̀rọ̀ owó. "Oṣù Kejìlá yìí tí a fẹ́ lọ sílé, ẹ ò rí i pé ọkọ̀ tiwa la lè gbé? Ká gba etí òkun lọ, ká máa dúró, ká máa wò ó bíi tàwọn wọ̀nyí."

Mo ní kó jọ̀ọ́. Bouaké la wà! Ẹni tó bá mọ Côte d'Ivoire mọ̀ pé àárín gbùngbùn ilẹ̀ ni Bouaké wà, láàárín àwọn Baoulé. Ó tó 350 kìlómítà láti ibí dé Àbíjàn tí òkun wà. Inú yìnyín la ti ń pàdé ẹja òkun níbí. Òyìnbó ọlọ́gẹ̀dẹ̀ yẹn, tó bá jí láàárọ̀, etí òkun ló jí sí. Èmi, màá kọ́kọ́ wa ọkọ̀ láti àárọ̀ títí di ọ̀sán ná kí n tó dé ibi tí etí òkun ti bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ẹni tí mo jẹ́ kí ẹ tó dá mi lẹ́jọ́. Ọmọ Èjìgbò ni mí, ní ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun. Ẹ ò lè rí agbo ilé kan nílùú wa tí kò ní èèyàn ní Côte d'Ivoire. Lẹ́nu àwọn ará ilé, Àbíjàn ni gbogbo rẹ̀: ẹni tó wà ní Korhogo, ará Àbíjàn; èmi tí mo wà ní Bouaké, ará Àbíjàn. Àwọn onílẹ̀ ẹ̀wẹ̀, Anango ni wọ́n ń pe gbogbo wa, ì báà jẹ́ Èjìgbò, ì báà jẹ́ Ògbómọ̀ṣọ́. Sípíàpáàtì ọkọ̀ ni mò ń tà. Ọgbọ̀n ọdún rèé tí mo ti ń lọ tí mo ń bọ̀, Bouaké sí Èjìgbò, Èjìgbò sí Bouaké. Nígbà tí ogun pín orílẹ̀-èdè yìí sí méjì lọ́dún 2002, tí Bouaké di ibùjókòó àwọn ọlọ̀tẹ̀, etí òkun yìí kan náà ni mo gbà sá lọ sílé. Nígbà yẹn, ta ló ń wo omi?

Ohun tó sì ń dùn mí gan-an rèé, òun ni ò jẹ́ kí n tètè rí ìdáhùn fún ìyàwó mi lọ́jọ́ náà: nínú gbogbo ọgbọ̀n ọdún yìí, mi ò fi ẹsẹ̀ kan omi òkun rí. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Àwọn àgbà ní a kì í gbé ẹ̀bá odò ká máa fi itọ́ ṣan ọwọ́. Èmi fi itọ́ ṣan ọwọ́ títí, itọ́ fẹ́ẹ̀ tán lẹ́nu mi. Bọ́ọ̀sì á kúrò ní Àbíjàn láàárọ̀, bọ́dà á gba ọ̀sán lọ́wọ́ wa, ilẹ̀ á ti ṣú ká tó kan ibi tí òkun ti yọ sí títì ní Gáná. Accra, oorun. Lomé, oorun. Ìgbà tí ojú bá máa là, inú sún-kẹẹrẹ fà-kẹẹrẹ Kútọnu la wà, ẹ̀yìn ọlọ́kadà ni mò ń wò. Bí a bá tiẹ̀ rìn lọ́sàn-án, kọ́tìnnì ni wọ́n máa ń fà bo fèrèsé kí fíìmù tí wọ́n ń fi hàn wá lè mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá ń ti Àbíjàn bọ̀ wálé, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ni òkun wà. Ìjókòó tèmi, ọwọ́ òsì. Tí mo bá ń padà, tí òkun bá bọ́ sọ́wọ́ òsì, wọ́n á ti gbé mi lọ sọ́wọ́ ọ̀tún. Mi ò mọ ẹni tó ń bá mi ṣe é.

Bàbá mi náà ò rí i jù bẹ́ẹ̀ lọ. Kumasi ló ti ń ṣòwò nígbà tí ìjọba Busia pàṣẹ ní Gáná, lọ́jọ́ 18 oṣù Kọkànlá ọdún 1969, pé kí àjèjì tí kò bá níwèé ìgbélùú kúrò láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Lọ́rì ló gbé wọn gba etí òkun yìí lọ sílé. Ó gbé orí ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lé itan. Ẹsẹ̀ ẹ̀rọ náà ṣì wà ní Kumasi dòní, àfi tí ìpẹtà bá ti jẹ ẹ́ tán. Mo bi í nígbà kan pé báwo ni òkun ṣe rí. Ó ní, "Ó ń pariwo." Ó tán.

Nítorí náà ni mo ṣe gbà. Kì í ṣe ìyàwó mi ló ṣẹ́gun mi o, àánú ara mi ló ṣe mí. Mo ra ìwé kékeré kan àti báírò méjì, mo jókòó sí ìta ṣọ́ọ̀bù mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣètò ìrìn-àjò bíi tàwọn òyìnbó. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Òyìnbó, tó bá ń ṣètò ìrìn-àjò, ibi tó máa dúró ló ń kọ sílẹ̀. Tiwa, ibi tí wọ́n á ti dá wa dúró là ń kọ.

Mo kọ bọ́dà ná. Noé sí Elubo. Aflao sí Lomé. Hilla-Condji. Sèmè-Kraké. Mẹ́rin ni lẹ́nu, mẹ́jọ ni lẹ́sẹ̀, nítorí ohun tí àwọn ẹni-ìhín bi ọ́, àwọn ẹni-ọ̀hún á tún un bi, bí ìgbà tí ìyàwó àti ìyá ọkọ ò jọ sọ̀rọ̀. Láàárín bọ́dà sí bọ́dà, ọlọ́pàá wà, sándáámù wà, àwọn kan tún wà tí mi ò mọ aṣọ tí wọ́n wọ̀. Mo fa ìlà fún ẹnì kọ̀ọ̀kan wọn. Nígbà tó yá, ìwé mi dà bí abẹ́bẹ̀, ìlà ló kún un.

Ẹnì kan kọjá, ó ní ṣé mi ò gbọ́ nípa ọ̀nà tuntun ni. Mo gbọ́! Ọ̀nà Àbíjàn sí Èkó, 1,028 kìlómítà, ọ̀nà ńlá tí ọkọ̀ mẹ́ta á máa lọ tí mẹ́ta á máa bọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà. Ní Yamoussoukro níbí, tí kò jìnnà sí wa, ni àwọn ààrẹ orílẹ̀-èdè márùn-ún ti fọwọ́ sí i ní oṣù Kẹta ọdún 2014. Ọdún yẹn ni wọ́n bí àwọn ìbejì mi. Àwọn ìbejì ti fà, wọ́n ti rìn, wọ́n ti gbọ́ Faransé, wọ́n ti ń fi fóònù mi dá rògbòdìyàn sílẹ̀. Èmi ò tíì fi táyà tẹ ọ̀nà náà.

Ti owó ńkọ́? Séfà la ń ná ní Bouaké, séfà náà ni wọ́n ń ná ní Lomé àti Kútọnu. Ó yẹ kó rọrùn. Ṣùgbọ́n Gáná ló jókòó sáàárín pẹ̀lú sídì tirẹ̀, bí àlejò tó bọ́ sáàárín tọkọtaya lórí bẹ́ẹ̀dì. Tí o bá sì fi sídì sílẹ̀, tí o padà sórí séfà, tí ọkàn rẹ balẹ̀, náírà ń dúró dè ọ́ ní Sèmè. Wọ́n ní owó kan ṣoṣo tí wọ́n ń pè ní Eco ń bọ̀ fún gbogbo wa. Wọ́n ní 2020, wọ́n tún ní 2027. Kó máa bọ̀. Èmi ń ra sídì lọ́wọ́ àwọn tó ń fi àpò ọ̀rá kówó kiri.

Àwọn ìbejì mi ò tiẹ̀ rí ti owó rò, ti aago ló dùn mọ́ wọn. Láti Àbíjàn títí dé Lomé, aago kan náà ni. Bí o bá ti kọjá láti Tógò sí Bẹ̀nẹ̀, wákàtí kan á fò. Táyé ní, "Bàbá mi, ta ló gba wákàtí náà?" Mo ní aṣọ́bodè.

Mo rẹ́rìn-ín, mo tún kó ìwé ọkọ̀ jáde. Ìwé ọkọ̀ fúnra rẹ̀. Ìwé ìwakọ̀. Brown Card, ìyẹn ìwé adójútòfò tí ECOWAS fọwọ́ sí ní Kútọnu lọ́dún 1982, kí ẹni tó bá kọlu ọkọ̀ ẹlòmíràn nílùú àjèjì lè rí ẹni bá a san án. Ìwé pé wọ́n gba ọkọ̀ láyè kó kọjá. Páálí ẹnì kọ̀ọ̀kan. Káàdì yẹ́lò tó ń jẹ́rìí pé wọ́n ti gún wa lábẹ́rẹ́ ibà pọ́njú. Mo tò wọ́n sínú fáìlì aláwọ̀ búlúù, mo fi rọ́bà dì í. Láti ọdún 1979 ni àwọn olórí ECOWAS ti fẹnu kò pé ọmọ orílẹ̀-èdè kan lè wọ òmíràn fún 90 ọjọ́ láìgba físà. Mo sọ ìyẹn fún aṣọ́bodè kan rí, ní bọ́dà kan tí mi ò ní dárúkọ. Mo sọ ọdún rẹ̀, mo sọ iye ọjọ́ rẹ̀. Ó fara balẹ̀ gbọ́ mi, ó mi orí, ó ní Gẹ̀ẹ́sì mi dáa. Lẹ́yìn náà ó ní kí n lọ dúró sínú òòrùn.

Bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ wa ló fún mi nímọ̀ràn. Èèyàn tó ti ń gba ọ̀nà yìí láti ìgbà tí Gáná ṣì ń wa ọkọ̀ lọ́wọ́ òsì, kí wọ́n tó yí i sí ọ̀tún lọ́dún 1974. Ó ní, "Ọmọ mi, tí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lẹ ń lọ ṣe, kí lo fẹ́ sọ?"

Mo ní, "Màá sọ òótọ́, Bàbá. À ń lọ wo òkun."

Ó dákẹ́, ó wò mí. Ó ní, "Wọ́n á tú ọkọ̀ rẹ dé ojú irin. Ta ló ń tìtorí omi kọjá bọ́dà? Aláwọ̀ funfun nìkan. Tó bá jẹ́ dúdú ló sọ bẹ́ẹ̀, ó gbé nǹkan ni. Sọ pé òkú lẹ ń lọ sin. Ẹni tó ń lọ sin òkú kì í pẹ́ ní bọ́dà."

Ni mo bá délé, mo sọ fún àwọn ọmọ pé kí wọ́n má rẹ́rìn-ín tí a bá dé bọ́dà, pé òkú là ń lọ sin. Kẹ́hìndé ní òkú ta ni? Ìyá ìyàwó mi, Alhaja, tó ń fetí kọ́ ọ̀rọ̀ lórí ẹní, ní kí n ṣọ́ ohun tí mo fẹ́ sọ o.

Alhaja ni kí n sọ̀rọ̀ rẹ̀ báyìí. Ìrìn-àjò yìí, mo rò pé èmi àti ìyàwó mi àti ìbejì ni. Ṣùgbọ́n ọjọ́ tí Alhaja gbọ́, ó ti ní ibi tó fẹ́ yà tẹ́lẹ̀. Àkọ́kọ́, Yamoussoukro, kí òun wo ṣọ́ọ̀ṣì ńlá tí Ààrẹ Houphouët-Boigny kọ́, èyí tí Póòpù John Paul II wá yà sí mímọ́ lọ́dún 1990. Mo ní, "Màámi, Mùsùlùmí ni yín." Ó ní, "Ojú ò ní ẹ̀sìn." Èkejì, Lomé, ọ̀dọ̀ àwọn aláǹkárá. Ó ti ń gbọ́ ìròyìn àwọn Nana Benz láti ìgbà èwe rẹ̀, àwọn ìyálọ́jà tó ta aṣọ Hólàǹdì títí tí wọ́n fi ń gun Mercedes nígbà tí àwọn mínísítà ń yá ọkọ̀ lọ́wọ́ wọn. Mo ní àsìkò yẹn ti lọ. Ó ní aṣọ ò lọ.

Ìyàwó mi fẹ́ Grand-Bassam. Ìyẹn ò burú, kò jìnnà sí Àbíjàn. Ibẹ̀ ni àwọn Faransé kọ́kọ́ fi ṣe olú-ìlú lọ́dún 1893, kí ibà pọ́njú tó bẹ́ wọn láàárín lọ́dún 1899, tí wọ́n sá lọ sí Bingerville. Àwọn ilé àtijọ́ wọn ṣì dúró síbẹ̀, UNESCO sì ti kọ orúkọ ìlú náà sínú ìwé àwọn ibi ìṣẹ̀ǹbáyé láti 2012. Ṣé ilé ni ìyàwó mi fẹ́ wò? Ó fẹ́ ya fọ́tò níwájú ilé ni. Aṣọ mẹ́rin ló ti yàn fún fọ́tò ibẹ̀ nìkan.

Àbúrò ìyàwó mi, tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì ní Suame Magazine ní Kumasi, tó sì gbọ́ Twi bí ẹni bí wọn, ní Elmina ni ká dúró, níbi ilé olódi tí àwọn Potogí kọ́ lọ́dún 1482. Gbogbo wa dákẹ́ díẹ̀. Alhaja ló sọ̀rọ̀: "Ilé tí wọ́n ti kó ọmọ ọlọ́mọ lọ, ẹ̀yin ẹ fẹ́ gbé àgbọn lọ́wọ́ máa wò ó?" Mi ò mọ ohun tí mo lè fèsì. Mo ṣáà kọ ọ́ sílẹ̀: Elmina, wákàtí kan, kò sí àgbọn.

Àwọn ìbejì kò fẹ́ ilé, wọn ò fẹ́ aṣọ. Wọ́n fẹ́ wọ omi. Ibẹ̀ ni ẹ̀rù ti bà mí. Òkun tiwa kì í ṣe òkun tí wọ́n ń rí nínú fóònù. Ìgbì ibí le tó bẹ́ẹ̀ tí ọkọ̀ ojú omi àtijọ́ ò fi lè sún mọ́ èbúté. Àárín omi ni wọ́n ń dúró sí, ọkọ̀ ọlọ́pọ́n á wá kó ẹrù lọ́dọ̀ wọn, ìgbì á sì máa dà á nù. Títí àwọn Jámánì fi kan irin mọ́ inú òkun ní Lomé lọ́dún 1904, kí wọ́n lè máa gbé ẹrù kọjá lórí ìgbì. Jámánì o! Tí Jámánì bá ń bẹ̀rù omi yìí, ṣé Táyé ni kò ní bẹ̀rù? Mo ní kí wọ́n fi ẹsẹ̀ kàn án, ó parí. Wọ́n ní, "Títí dé orúnkún." Mo ní títí dé ọrùn ẹsẹ̀. A dúnàádúrà bí ẹni ra ṣọ́kì, a parí rẹ̀ sí àárín ojúgun.

Wọ́n tún ní àwọn fẹ́ fi àsíá sára ọkọ̀. Àsíá wo? Ìjà ni. Ẹ rántí pé Bouaké níbí, ní Stade de la Paix, ni Nàìjíríà ti fi pẹnáritì ju South Africa sílẹ̀ ní ìdíje ife Áfíríkà ní 4 sí 2 lọ́jọ́ 7 oṣù Kejì ọdún 2024. Lọ́jọ́ náà, èmi ni mo ni àdúgbò. Mo ra ohun mímu fún ẹni tí mi ò mọ̀ rí. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ́yìn rẹ̀, Côte d'Ivoire na wá ní 2 sí 1 láṣekágbá ní Àbíjàn, àwọn tó mu ohun mímu mi sì wá ń lu agolo lẹ́nu ọ̀nà mi mọ́jú. Kẹ́hìndé sunkún. Táyé jó. Látìgbà yẹn, ọ̀kan jẹ́ aláwọ̀ ewé, èkejì jẹ́ aláwọ̀ ọsàn nínú ilé mi. Mo ní kò sí àsíá kankan. Ọkọ̀ tó bá ní àsíá méjì, aṣọ́bodè á rò pé àwọn aṣojú ìjọba ló ń bọ̀, wọ́n á fi kún un.

Ká ní ó mọ níbẹ̀, ǹ bá má kọ èyí. Àwọn ẹlẹ́rù ló pa mí.

Mi ò mọ ẹni tó sọ fún wọn. Mo fura sí Alhaja. Lọ́jọ́ Mọ́ńdè, obìnrin kan wá sí ṣọ́ọ̀bù, ó kúnlẹ̀ kí mi kíkí tí mo fi mọ̀ pé nǹkan ń bọ̀. Ó ní òun gbọ́ pé ọkọ̀ òfìfo ń lọ sí Èjìgbò. Òfìfo! Ó ní nǹkan kékeré báyìí ni, fún ìyá òun. Kékeré ọ̀hún jẹ́ ìkòkò irin mẹ́ta tí wọ́n kì bọnú ara wọn, èyí tó wà níta tó ìkòkò ìnáwó. Lọ́jọ́ Túsìdeè, ẹnì kan gbé attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́ ni, wá, àpò mẹ́fà. Mo ní, "Ṣé wọn ò ta attiéké ní Èjìgbò ni? Gbogbo ọjà Èjìgbò ni attiéké wà!" Ó ní ti Bouaké yàtọ̀. Ọ̀gbẹ́ni kan gbé ojú fèrèsé aláùmíníọ̀mù wá. Ojú fèrèsé, ẹ̀yin èèyàn mi, sínú ọkọ̀ tó ti ní fèrèsé tirẹ̀. Ó ní ilé tí òun ń kọ́ níbẹ̀ ló kù ú.

Èyí tí mo fẹ́ kí ẹ bá mi wò dáadáa ni báàgì tí ìyá àgbà kan gbé wá láti òpin àdúgbò. Báàgì Ghana-Must-Go ni, alábẹ́lábẹ́ pupa àti búlúù, irú èyí tí wọ́n sọ lórúkọ nígbà tí Nàìjíríà lé àwọn ará Gáná lọ́dún 1983, ọdún mẹ́rìnlá lẹ́yìn tí Gáná lé bàbá mi. Síìbù rẹ̀ ti bàjẹ́. Abẹ́rẹ́ àpò ni ìyá náà fi rán ẹnu rẹ̀, pẹ̀lú okùn ọ̀rá aláwọ̀ ewé, ó rán an lẹ́ẹ̀mejì, ó tún fi kókó sí ìgbẹ̀yìn. Ó fi báírò kọ orúkọ ọmọ rẹ̀ sí i lára, kò hàn, ó tún fi òwú rán orúkọ náà sórí aṣọ funfun kékeré kan, ó lẹ̀ ẹ́ mọ́ etí báàgì. Ọwọ́ rẹ̀ ń gbọ̀n díẹ̀díẹ̀ nígbà tó ń sọ̀rọ̀, nítorí náà lẹ́tà R wọ́ lọ sápá kan. Mo fi ọwọ́ tẹ báàgì náà: òrí wà nínú rẹ̀, mo gbóòórùn rẹ̀, aṣọ wà níbẹ̀, nǹkan líle kan wà lábẹ́ tó rí roboto. Mo bi í pé kí nìyẹn. Ó ní ọmọrí odó ni. Ó ní ọmọ òun ti lọ sílé láti ọdún mẹ́ta, kò sì ní gún iyán gidi láìsí òun nítòsí. Tẹ́ ẹ bá mọ̀ wá ní Èjìgbò, ẹ mọ̀ pé Ọba wa gan-an, Ògìyán, iyán wà nínú oyè rẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ọmọrí odó?

Mo gbà á. Ìyẹn ni àṣìṣe mi, torí àwọn tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lórí ìlà rí i pé mo gbà á.

Àbúrò ìyàwó mi ló kó ẹrù náà. Kí n má purọ́, ó mọ ẹrù kó. Ó ká ìjókòó ẹ̀yìn méjì sílẹ̀, ó fi attiéké dí gbogbo ihò, ó gbé ojú fèrèsé dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn, ó ki ìkòkò sábẹ́, ó ki aṣọ mẹ́rin ti Grand-Bassam sínú ìkòkò. Mo wà níbẹ̀ tí mò ń yìn ín. Ọkọ̀ onísíìtì méje ni. Nígbà tó parí, ó jẹ́ márùn-ún.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, wọ́n pe ìpàdé. Ó yẹ kí n ti fura nígbà tí ìyàwó mi bu ẹran méjì sí oúnjẹ mi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í kà: àbúrò òun ni yóò wakọ̀, torí òun ló gbọ́ Twi, òun ló mọ ọ̀nà Gáná, tí ọkọ̀ bá sì bàjẹ́, òun ni mẹkáníìkì. Alhaja á jókòó síwájú, nítorí orúnkún. Òun alára. Táyé. Kẹ́hìndé.

Mo ní, "Márùn-ún nìyẹn."

Ó ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá Ìbejì."

Kò sẹ́ni tó wojú mi. Alhaja ń ka tẹ̀síbáà. Àbúrò ìyàwó mi ń yẹ èékánná rẹ̀ wò bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rí i. Mo ní kí wọ́n sọ ojú fèrèsé sílẹ̀. Wọ́n ní wọ́n ti gba ìbùkún lórí rẹ̀. Mo ní attiéké ńkọ́? Wọ́n ní ó ti wà lábẹ́, pé tí wọ́n bá fà á, gbogbo rẹ̀ ló máa wó.

"Ẹ̀yin náà lẹ mọ bọ́ọ̀sì jù nínú wa," ìyàwó mi rọra sọ ọ́, bí ẹni ń yìn mí. "Ó ti mọ́ yín lára. Ẹ ó kàn sùn ni, ẹ ó bá wa nílé."

Èmi tí mo ra epo. Èmi tí mo ra fáìlì búlúù! Mo gbẹ́nu sókè, mi ò rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Kẹ́hìndé ló wá dì mọ́ mi lọ́rùn, ọmọ dáadáa, ó ní, "Bàbá mi, ẹ má bínú. A ó ya fọ́tò òkun ránṣẹ́ sí yín. Ṣé ẹ máa ní dátà?"

Bí mo ṣe gba ọ̀nà gáréèjì lọ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì nìyẹn. Ọmọdékùnrin kan ló ń ta tíkẹ́ẹ̀tì, ọmọ ilé wa ni, ó dọ̀bálẹ̀ kí mi lórí bẹ́ńṣì rẹ̀ torí pé àyè ò gbà á dọ̀bálẹ̀ sílẹ̀. Mo sọ fún un pé ohun kan ṣoṣo ni mo fẹ́ lọ́dún yìí. Mo fẹ́ ìjókòó ẹ̀bá fèrèsé, lọ́wọ́ ọ̀tún. Kó gba iye tó bá fẹ́ gbà.

Ó ní, "Bàbá, kí lẹ fẹ́ wò? Òru la máa gba ibẹ̀."

Mo ní kó ṣáà kọ ọ́. Ó ṣí ìwé rẹ̀, ó fi ìka wá a lọ sókè, ó wá a bọ̀ nísàlẹ̀, ó kọ nọ́ńbà 14 sórí tíkẹ́ẹ̀tì, ó lu òǹtẹ̀ lé e. Mo wo tíkẹ́ẹ̀tì náà títí. Mo ní, "Ọmọ mi, ọwọ́ ọ̀tún nìyí àbí?"

Ó tún wo àwòrán ìjókòó tí wọ́n lẹ̀ mọ́ ara ògiri, ó yí orí, ó yí ara, ó fi ọwọ́ méjèèjì díwọ̀n rẹ̀.

"Ọwọ́ ọ̀tún ni, Bàbá," ó ní, "tẹ́ ẹ bá kọjú sẹ́yìn."